Ìbọn Tí Bàbá Afí Kò Rà

Agbonou, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Ọkọ mi ti dé. Ọwọ́ òfo ló mú dé, ọkàn mi sì ti balẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè jókòó sójú kan. Àwọn ọ̀bọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ àgbàdo oko wa tán, ó sì ní dandan, òun máa ra ìbọn ọdẹ. Ẹnì kan ló sọ fún un pé ó dínwó gan-an lódìkejì ibodè. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Kò ní ìwé àṣẹ kankan. Mo ń rò ó pé wọ́n á mú un lójú ọ̀nà, tàbí kí wọ́n...

Mo bu omi fún un, mo ní, "Bàbá Afí, ìbọn ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹni tó ń tà á ló dá mi padà. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn níbí kò tó ti ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn ló fi dínwó. Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ ó san ti yín kún un, ẹ ó sì gba ìwé àṣẹ. Èrè wo ló kù? Tí ẹ bá sì fi í pamọ́ kọjá, ẹ̀wọ̀n ni.'"

Mi ò mọ orúkọ ọlọ́jà yẹn, ṣùgbọ́n mo ṣàdúrà fún un bí mo ṣe ń gúnyán.

Bàbá Afí ní lọ́la òun á lọ gba ajá ẹ̀gbọ́n òun ní Moretan, kó máa ṣọ́ oko. Ajá yẹn ti gé mi jẹ rí. Kó máa bọ̀.