Orúkọ Yín Wà Lára Ògiri Kesar

Bàbá Kesar,

Ẹ kú ìtọ́jú ràkúnmí. Mo ra iyọ̀ tí mo ní mo fẹ́ rà ní ìlú Jaisalmer, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo yà sílé ọmọ tí ẹ ní kì í ṣe ọmọ yín mọ́.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ̀ ṣì wà lára ògiri òkúta aláwọ̀ oyin níta, bí wọ́n ṣe máa ń kùn ún níbí. Mo ní kí aládùúgbò kan kà á fún mi. Háà! Orúkọ yín ló pè ketekete, pé ẹ̀yin lẹ ń pe gbogbo ayé wá síbi ìgbéyàwó ọmọ yín. Ẹ̀yin tí ẹ tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ náà!

Aládùúgbò náà ní, “Ìyá, ta lẹni yìí?”

Mo fa ìborùn bojú. Ìyàwó wo ló ń dárúkọ ọkọ?

Mo bi Kesar ìdí tó fi kọ orúkọ yín. Ó ní, “Ta ni kí n kọ síbẹ̀?”

Oòrùn ọdún mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa kíkùn náà rẹ́ tán. Orúkọ yín nìkan ló ń dán, torí ọdọọdún ló ń tún un kùn.

Ọmọ ọmọ yín, onímú bíi tiyín, ń kí yín. Ẹni tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí náà ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín, bí ọmọ ṣe ń kí bàbá rẹ̀. Ó ní kí n má sọ pé òun ń sunkún.