Fídáù Tí A Ṣe fún Ìyá Inú Eré Rẹ

Nàfísátù ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Peckham? Ṣé òtútù ò mú ọ jù, ṣé mọ́sálásí ò sì jìnnà sí ọ? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Ara mi le, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, bàbá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tíṣà Láńre ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

A gbọ́ iṣẹ́ tí o rán. O ní àwọn tó fẹ́ fi ìtàn rẹ tuntun ṣe eré ti dá a padà lẹ́ẹ̀kẹrin pé kí o tún un kọ, o ní ó ti sú ọ, o fẹ́ fi eré kíkọ sílẹ̀ kí o máa gba ṣíìfù iṣẹ́ ìtọ́jú lójoojúmọ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Stockwell. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí.

Láńre fi eré rẹ àkọ́kọ́ hàn wá lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tí ìyá tó ń dúró de ọmọ rẹ̀ lójú fèrèsé kú, ẹkún sọ. Láńre ti gba Ìwó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ máàkì ìdánwò, kò sí ẹni tí a lè bi léèrè bóyá ó kú lóòótọ́. Mo ní ará Lọ́ńdọ̀nù bíi tìrẹ ni, kò sì lọ́mọ nítòsí, ni mo bá dín àkàrà, mo ránṣẹ́ sí Ààfáà Làtíìfù, a sì ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ fún un. Gbogbo àdúgbò ló wá. Ìyá Tòún tí kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni sunkún títí ó fi gbàgbé gèlè síbẹ̀.

Láńre dé, ó fi eré mìíràn hàn wá, a tún rí obìnrin yìí, ó ń jó! Àwọn kan sá. Láńre wá ṣàlàyé pé kò kú rárá, ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Ààfáà ní àdúrà kì í ṣe ohun tí à ń gbà padà. Bá mi kí obìnrin náà, sọ fún un pé kó tọ́jú àdúrà náà pamọ́, yóò wúlò fún un lọ́jọ́ iwájú.

Ohun kan ló dùn mí. Ìparí eré ni wọ́n kọ orúkọ rẹ sí, láàárín orúkọ èrò, bíi ti ẹni tó pẹ́ dé. Máa tètè jáde nílé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sí Peckham tó mú abúlé kan ṣe fídáù fún ẹni tí kò kú, ṣé iṣẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó fi sílẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyá mi mú mi tú ẹní tí mo kọ́kọ́ hun. Orí ẹní yẹn ni mo bí ọ sí. Tún un kọ lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀. Bí ìtàn bá ti parí ni gbogbo èèyàn ń dìde, Láńre á sì pa fóònù nítorí dátà. Èmi fẹ́ jókòó títí orúkọ rẹ yóò fi kọjá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó parẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àìṣát