Ohun Tí Wọ́n Kọ Síwájú Orúkọ Mi

Itto ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo kí gbogbo fíríìjì tó ń dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iná gbé ọ. Bàbá rẹ náà kí ọ, orí ìjókòó ló ti kí ọ torí orúnkún ń dùn ún. Igi álímọ́ńdì ti tanná, ewúrẹ́ pupa ti bí méjì. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, má wo bí ìlà rẹ̀ ṣe ń gun òkè, ọdún kejì mi rèé ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí.

Mo rí káàdì iṣẹ́ mẹ́ta tó o fi àwòrán wọn ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀kan ní Itto, Olùdarí Àgbà. Ìkejì ní Itto, Olùdásílẹ̀. Ìkẹta ní Itto, Atúnfíríìjìṣe. Mo dúpẹ́ pé o ti rí ẹni méjì bá ọ ṣiṣẹ́, ó kàn yà mí lẹ́nu pé gbogbo yín ló ń jẹ́ Itto. Mo ti ròyìn fún Fadma tó múlé tì wá kí Rqia olùkọ́ wa tó là á yé mi pé ìwọ nìkan náà ni, pé o fẹ́ kí n bá ọ mú ọ̀kan, torí òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan fẹ́ gbéṣẹ́ fún ọ, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé bí wọ́n bá rí obìnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́, wọn ò ní kà ọ́ sí.

Mo rò ó. Olùdarí Àgbà dùn létí, àmọ́ Fadma ní wọ́n máa ń ṣàdédé gbé àwọn olùdarí lọ sí ìlú mìíràn, bí wọ́n ṣe gbé ti iléèwé wa lọ. Ti Olùdásílẹ̀, mo bi Rqia pé ta lo dá sílẹ̀, ṣé ọlọ́pàá ti mú ẹnìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

Orí ìrònú yẹn ni mo wà tí ọ̀rọ̀ tèmi fi ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní obìnrin tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè máa ta bọ́tìnì tó fi òwú ṣẹ́dà so fún àwọn aránṣọ ìlú Fẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ alárinà. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Akọ̀wé béèrè ipò mi nínú iṣẹ́, mo ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, àfi bí òjò bá ń rọ̀. Kò kọ ọ́. Ó wo káàdì ìdánimọ̀ mi, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mi ò níṣẹ́, pé ohun tóun máa kọ náà nìyẹn.

Itto, ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń so bọ́tìnì. Òun ni mo fi rán ọ lọ kọ́ṣẹ́. Ó dùn mí, mo tẹjú mọ́ àyà ẹ̀wù jelába funfun tó wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ọwọ́ òsì ni mò ń lò, kò sẹ́ni tó ń yí òwú bíi tèmi. Mo sọ fún un pé ẹni tí kò níṣẹ́ ló so gbogbo bọ́tìnì tó wà láyà rẹ̀ yẹn, pé ìkẹrin sì ti ń tú, kó bọ́ ọ wá. Ó bọ́ ọ. Mo jókòó lójú gbogbo èèyàn, mo tún un so.

Ó fa ìlà sórí ohun tó ti kọ, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ohun tí kóun kọ. Mo ní Oníbọ́tìnì. Ó ní ṣé kóun fi ọ̀gá kún un. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá ni mí, kó fa bọ́tìnì náà wò.

Nítorí náà, káàdì kẹta ni kó o mú. Bí àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì náà bá ní olùdarí làwọn fẹ́ rí, ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi fíríìjì tó ti kú hàn ọ́. Fadma, tóun náà ń so bọ́tìnì, lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé, wọ́n kọ tirẹ̀ kíá, inú rẹ̀ ò sì dùn tó, torí ó ti múra ìjà lọ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òwú àti oògùn orúnkún bàbá rẹ. Má fi í sórí fóònù, Rqia ní fóònù mi ti kún, kò gba nǹkan kan mọ́. Kó owó náà fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ níbí lọ́jọ́bọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Wàá jẹun yó, wàá sùn láìbẹ̀rù, ọwọ́ rẹ kò sì ní rí ìsinmi tí o kò béèrè fún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hniya