Yàrá Tí O Pa Ojú Rẹ̀ Dé

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ń fi ojú rere wò ọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyàfi orúnkún màmá rẹ tó máa ń dùn ún bí òjò bá ti ṣú, àti èmi tí ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Ọlọ́run tó fún ọ lọ́gbọ́n tí o fi ń yàwòrán ilé fún ẹni ẹlẹ́ni kò ní jẹ́ kí o wá ibi tí wàá sùn tì láyé.

Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi lẹ́tà yìí dú, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lára wa. Nígbà tí bébà àwòrán ilé tuntun tí o fẹ́ kọ́ fún wa dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, mo fi sísọ́ọ̀sì tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, èmi, màmá rẹ àti bíríkìlà sì dúró yí i ká. A rí yàrá wa, a rí kíṣìnnì, a rí ibi tí omi máa gbà. A ò rí yàrá tìrẹ. Mo yí bébà náà padà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bíríkìlà ní ọjọ́ Ajé lòun máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, ohun tóun bá rí nínú bébà lòun máa kọ́. Ọdún kẹta rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn. Màmá rẹ gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ padà sí kíṣìnnì láì fọwọ́ kàn án, ó wá ní, "Ó ti sọ fún wa náà nìyẹn. Kò ní padà wálé mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn, n kò ní parọ́ fún ọ.

Ìdí nìyẹn tí ohùn mi fi le nígbà tí mo pè ọ́. Má bínú. O ṣe sùúrù fún mi, o ní àwòrán inú kọ̀ǹpútà kì í ṣe bébà kan ṣoṣo, pé ìpele ìpele ni, ìsàlẹ̀ ilé ní ìpele tirẹ̀, òkè ilé ní tirẹ̀, àwòrán ojú kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí o bá pa ojú náà dé, ìpele yẹn á sá pamọ́, ṣùgbọ́n kò parẹ́. O ní òkè ni yàrá rẹ wà, o kàn gbàgbé láti la ojú rẹ̀ kí o tó tẹ bébà náà jáde ni. Nígbà tí bébà kejì dé, tí màmá rẹ rí yàrá náà pẹ̀lú fèrèsé méjì, ó jókòó, ó bú sẹ́kún, ó wá ní kí n lọ gbé oúnjẹ òun wá. A dúpẹ́ púpọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, bí a bá kọ́ ilé náà tán, kìlọ̀ fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú yẹn, pàápàá nígbà òjò. Kò ní dáa kí ẹnì kan pa á dé ní ọ́fíìsì, kí òrùlé wá di àwátì lórí wa níbí.

Ọgbọ́n kejì tí o kọ́ mi, ti kíláàsì, ìyẹn irú ohun tí nǹkan jẹ́, pé gbogbo ilẹ̀kùn á wà ní kíláàsì kan, gbogbo fèrèsé ní òmíràn, yàrá yòówù kí wọ́n wà, mo ti lò ó ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo aṣọ oníbàárà tí mo ti gé sílẹ̀, mo kó apá ẹ̀wù wọn sínú báàgì kan, mo kó kọ́là sínú òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù mọ́ tónítóní, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo fẹ́ rán an tí n kò mọ apá wo ni ti ta ni mọ́, torí aṣọ búlúù kan náà ni alápatà àti ọ̀gá ilé ìwé jọ rà lọ́wọ́ aláṣọ. Mo bá fojú díwọ̀n. Alápatà ní apá ẹ̀wù òun kò kọjá ìgúnpá. Ọ̀gá ilé ìwé ní tòun bo ọwọ́ débi pé òun ò rí ìka fi mú ṣọ́ọ̀kì. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ṣebí o sọ fún wa pé nǹkan méjì lẹ máa ń kọ sára ohun gbogbo, ohun tó jẹ́ àti ibi tó wà, èmi mú ọ̀kan, mo ju ìkejì nù.

Nítorí náà, bí ọwọ́ rẹ bá dẹ díẹ̀, jọ̀wọ́ fi owó aṣọ ránṣẹ́ kí n fi ṣe apá tuntun fún àwọn méjèèjì. Ti alápatà ni màá kọ́kọ́ ṣe, torí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bíríkìlà ti gbẹ́ ìpìlẹ̀. Láràárọ̀ ni màmá rẹ ń lọ dúró síbẹ̀, tí á máa wo òkè níbi tí fèrèsé rẹ máa wà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tí o kò tíì ráyè wá, a ò ní ro ìròkurò mọ́, ó ti yé wa. Ìpele tí o wà jìnnà, ojú wa ò tó o, ṣùgbọ́n kíláàsì rẹ kò yí padà: ọmọ wa ni ọ́. Ọlọ́run kò ní pa ojú rẹ̀ dé sí ọ. Wàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ gun àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá rẹ, wàá sì bá wa láyé.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n tó ti rí yàrá rẹ.