Iṣẹ́ Tí Mo Rán Bàbá Kékeré Rẹ

Ilé Oní-páànù,
Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
Àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà.

Qúdrát ọmọ mi, Nọ́ọ̀sì àgbà,

Àsàlámù aléékúmù. Báwo ni Ìlọrin? Báwo ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Ṣé ọyẹ́ ibẹ̀ ò mú yín jù? Ọlọ́hun tó fi àlàáfíà bò wá níbí, kó má ṣe ká a kúrò lórí ẹ̀yin náà lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Ní tèmi, mo wà digbí bí òkè Mápó.

Kí o tó ka èyí tó kù, fún ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá lómi mu, kí o fi í jókòó sórí àga tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kí ìwọ náà sì jókòó síbi tí ojú rẹ ti tó o. Má kà á sókè. Ìwé òyìnbó kan wà nínú àpòòwé yìí, má tíì ṣí i. Ẹnu èmi ni mo fẹ́ kí o ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Mo mọ̀ pé wàá máa sọ pé kí ni bàbá ń kọ lẹ́tà sí nígbà tí fóònù wà. Ilé wa létí. Bí mo bá ní kí àwọn ọmọ ilé fi fóònù ya ìwé náà ránṣẹ́ sí ọ, kí n tó jẹun tán wọ́n á ti máa sọ ọ́ ní Bẹẹrẹ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ìwé mélòó lọ́wọ́ mi nígbà tí òjò bá ṣú? Orí yìí ni mo fi ru páànù láti Ògùnpa dé Mápó nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Lónìí, ìdajì Ìsàlẹ̀ Òsì ló ń sùn lábẹ́ páànù mi. Bí òjò bá ń rọ̀ ládùúgbò yẹn, lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi ló ń rọ̀ sí.

Ìròyìn tó wà nílẹ̀ ni pé bàbá rẹ ti di eléré ìje. Má rẹ́rìn-ín. Eré máratóònù kan ń bọ̀ ní Sátidé yìí, kìlómítà méjìlélógójì. Agodi ni a ó ti gbéra, a ó yí ìlú po, a ó sì padà síbẹ̀. Ẹnu Jubril ló fà á. O mọ Jubril tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó máa ń sọ gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń fọ eyín. A kírun Jímọ̀ tán, a ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó wo ikùn mi, ó ní, "Alájì Ishaq, páànù tí ẹ kó sábẹ́ agbádá yìí, báńdùlù mélòó ni?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Lémọ́mù pàápàá rẹ́rìn-ín! Mo ní èmi tí mo ti ń gbẹ́rù gun Mápó kí wọ́n tó já Jubril lẹ́nu ọmú? Mo ní n ó sá eré tí wọ́n ń kéde lórí rédíò yẹn, n ó sì sá a parí. Mo ní bí n kò bá sá a parí, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Alájì mọ́. Ojú lémọ́mù ni mo ti sọ ọ́. Ó di dandan nìyẹn.

Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, bí a bá ti kírun Àsùbáà tán, mo ti bọ́ sọ́nà. Kí n má purọ́ fún ọ, ọjọ́ àkọ́kọ́, Ọjà'ba ni mo ti dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn apẹ̀rẹ̀ tòmátò bí ẹni ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà náà kò lókùn. Ọlọ́kadà kan rí mi, ó ní, "Bàbá, ta ló ń lé yín? Ẹ gùn ún ká gbé yín sá lọ!" Nígbà tó máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń gun Mápó láì dúró. Nígbà tó di oṣù kejì, mo ń gba Bẹẹrẹ kọjá dé Agodi, mo sì ń padà délé kí ìyá rẹ tó ro ẹ̀kọ tán. Ikùn ti wọlé. Ọlọ́kadà yẹn náà ti ń pè mí ní Alájì Ẹlẹ́sẹ̀ Iná. Wá ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin mìíràn fún mi ní gbogbo Bẹyẹrúnká tó lè dán an wò.

Èmi nìkan kọ́ ni mo ń sá a. Mo ní kí Misbau, bàbá kékeré rẹ, máa tẹ̀lé mi, kó máa bá mi gbé omi inú ọ̀rá. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, síbẹ̀ orí òrùlé ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń kan páànù tí mo bá tà. Èmi ni mo tọ́ ọ, kò sì bi mí ní "kí ló dé" rí. Bí mo bá ní "lọ," ó ti ń padà bọ̀. Ìkómọ tí n kò ráyè lọ, òun ló ń lọ. Ìpàdé àdúgbò, òun ni. Lọ́jọ́ tí mọ́gàjí pe gbogbo ilé jọ, òun ló jókòó sórí àga mi. Ibi gbogbo ni àbúrò ti ń ṣojú ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ wa níbí.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìṣe. Àwọn tó ṣètò eré ní ẹni tó bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ mú ìwé dókítà dání láàárọ̀ ọjọ́ eré. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Oògùn tí o kó fún mi, mo lò ó tán, n kò sì lọ gba òmíràn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi okùn tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru dì mí lápá, Jubril ló borí. Mo bá pe Misbau, mo ní, "Lọ bá mi ṣojú mi lọ́sibítù. Orúkọ mi ni kí o dá, ọjọ́ orí mi ni kí o pè." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín jẹ ìrẹsì ìkómọ títí, ó wá kan abẹ́rẹ́!" Ó lọ. Irùngbọ̀n òun náà funfun, ta ló fẹ́ mọ̀? Ọsibítù kékeré kan ni, níbi tí wọn ò ti mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní kó máa lọ, àwọn á pe nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀. Nọ́ńbà mi ni.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún ní ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fọláṣadé ni, ohùn rẹ̀ rọra bí ti ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà lórí ìjókòó? Ẹ má sáré mọ́ o. Ẹ má gun òkè, ẹ má gbé ẹrù. Ẹ padà wá rí dókítà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ọkàn yín ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò lè ta ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọmọ mi, o ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Mo gun Mápó láàárọ̀ yìí!" Ó ní, "Bàbá, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn." Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni mo tó rántí pé kì í ṣe ọkàn tèmi ni wọ́n wò.

Mo lọ gba ìwé náà, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Misbau wà lórí ilé alájà kan, ìṣó ló há sẹ́nu, ó ń kan páànù. Bó ṣe rí mi nísàlẹ̀, ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó pariwo, "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé a yege?" Onílé ń wò mí. Àwọn tó wà ládùúgbò ń wò mí. Ìwé náà wà lápò mi. Mo gbójú sókè, oòrùn kún mi lójú, mo ní, "A yege." Qúdrát, ọ̀rọ̀ méjì péré. Gbogbo ẹrù tí mo rù láyé mi, kò sí èyí tó wúwo tó o.

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló bímọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Misbau wọlé tọ̀ mí wá, ó mú nọ́ńbà eré tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tó jẹ́ ara tèmi ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n ní kò síyọnu, kí ni mo wá ń gbé omi kiri fún? Èmi náà á sá." Wọn kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì pé ọgọ́ta. Ó ti ra bàtà pupa kan. Jamilah ọmọ rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ti sọ fún gbogbo ilé ọkọ pé kí wọ́n wá dúró ní Bẹẹrẹ kí wọ́n wo bàbá òun.

Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí ìwé yẹn ti wà lápò mi. Èmi ni mo mọ bí òrùlé ṣe ń bàjẹ́. Kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìjì. Ibi ìṣó kan ṣoṣo ni omi ti ń wọlé, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí á fi ya àmì pupa sára sílìn. Onílé á máa wò ó, á ní, "N ó ṣe é bí òjò bá dá." Mo ti ń rí àmì náà lára àbúrò mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò lè so okùn bàtà pupa yẹn le mọ́. Bí a bá dé ìdajì òkè Mápó, á dúró, á gbọ́wọ́ lé àyà, á ní ẹ̀bà àná ni. Bó bá ń mí, ó ń dún bíi páànù tí ìṣó rẹ̀ ti tú, tí atẹ́gùn ń bá ṣeré. Jamilah sọ fún ìyá rẹ pé orí àga ni bàbá òun ń sùn báyìí, pé bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dà bíi pé omi ń bò ó mọ́lẹ̀.

N kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí bí bàbá wa ṣe lọ. Òkè Mápó yìí kan náà ni. Èmi àti wọn jọ ru páànù, a dé ìdajì, wọ́n sọ̀, wọ́n ní kí n di ẹrù mú kí àwọn lè mí díẹ̀. Wọ́n fara ti ògiri. Mo di ẹrù náà mú títí apá fi ń gbọ̀n mí, mo ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọn ò dá mi lóhùn. Misbau kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà, kò mọ ibẹ̀. Ibi tó ń dúró sí láràárọ̀ báyìí, láti ibẹ̀ dé ibi ògiri yẹn kò ju ìwọ̀n páànù mẹ́ta lọ.

Lánàá, mo pè é jókòó, mo ní kó má sá eré náà mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Àbí ẹ̀rù ń bà yín pé n ó ṣíwájú yín ni?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti kékeré, kò sí iṣẹ́ tí ẹ rán mi tó pa mí lára rí." Mo fọwọ́ kan ìwé náà lápò, mo sì dìde. Bí mo bá sọ ọ́, á bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé e sápò láti ọjọ́ yìí. Èmi Ishaq tí n kò bẹ ẹnikẹ́ni rí, kí ni n ó wí? Bí Jubril bá sì gbọ́ pé mo rán èèyàn lọ fún wọn lẹ́jẹ̀ lórúkọ mi, mọ́sáláṣí wo ni n ó tún ti máa kírun?

Mo ronú títí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo lè rán an. Ẹni tó gbé lẹ́tà yìí wá, tó jókòó níwájú rẹ tó ń mumi, òun ni mò ń sọ. N ó sọ fún un pé ìwé ilẹ̀ ni, pé ọwọ́ rẹ nìkan ni kó fi í lé. Ṣí ìwé òyìnbó náà wàyí. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ọkàn tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Má jẹ́ kó padà sí Ìbàdàn. Ṣe bí ẹni pé ìwọ lo ṣàkíyèsí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kí o mú un lọ bá dókítà yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Má sọ pé mo mọ̀. Bí Sátidé bá ti kọjá, kó máa bínú sí mi títí.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa mú aláìsàn dìde. Bí o ṣe ń ṣọ́ ẹni ẹlẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò ní ṣọ́ tìrẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òrùlé tó wà lórí ìwọ àti ọkọ rẹ kò ní jò láé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, tó fi ọ́ yangàn, tó sì gbójú lé ọ,

Ishaq Oní-páànù.

Àfikún: N kò tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ àpòòwé náà tí Misbau fi dé. Ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù báyìí pẹ̀lú bàtà pupa lẹ́sẹ̀, ó ń fò sókè fò sílẹ̀. Ó ní òun ò ní gun ọ̀kadà, òun á sáré láti ibí dé gáréèjì Ìwó Ródù, kí ìdánrawò tòní má bàa bọ́. Mo ní kó gun ọ̀kadà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí a yege?" Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ rèé tí mo sọ̀rọ̀ tí kò gbà. Mo yanu láti sọ òótọ́ fún un, bírò ni mo tún gbé. Qúdrát, gbàgbé ohun tí mo ní kí o fi pa mọ́. Sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ka lẹ́tà yìí sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn, tí kì í ṣe Misbau, ló fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, má wulẹ̀ pè mí. Máa bọ̀ nílé.