Ìrìn Bọ̀dá Tádé

Bọ̀dá Tádé,

Wùnmí ọmọ yín béèrè láàárọ̀ yìí pé, "Daddy, why are you walking to work?" Aago méje lẹ wọ bàtà, tí ẹ jáde sínú snow.

Èmi àbúrò yín tó ń gbé lọ́dọ̀ yín ṣírò ìrìn yín. Bí ẹ bá ń fi ìṣẹ́jú méjìlá rin kìlómítà kan, wákàtí mẹ́rin ni ẹ máa rìn kí ẹ tó dé downtown, tó jẹ́ ogún kìlómítà sí ilé. Aago mẹ́jọ lẹ sì ń wọṣẹ́. Kò bára mu.

Ọbẹ̀ wà nínú firiji. Inú sílípáàsì yín ni mo fi ìwé yìí sí, kí Mọ́mì Wùnmí má baà rí i. Kọ́kọ́rọ́ mi ni mò ń wá tí mo fi rí fọ́tò Wùnmí, èyí tó máa ń wà lórí tábìlì yín nílé iṣẹ́ epo. Ó ti wà lórí tẹlifíṣàn wa. Ẹni tó ṣì níṣẹ́ kì í kó fọ́tò orí tábìlì rẹ̀ wálé.