Ooru Tó Ń Sá Gba Abẹ́ Ilé

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Mo ti dé. Dunedin, ìlú wa ní ìsàlẹ̀ gúúsù ayé, ò yí padà, afẹ́fẹ́ gúúsù ṣì ń gé etí bí abẹ. Inú ilé wa tún wá tutù ju ìta lọ. Ní àfonífojì yìí, lásìkò òtútù oṣù Keje, oòrùn kì í ju kó yọjú kó sì sá lọ. Mo fọwọ́ kan ògiri yàrá tí mo ti ń sùn láti kékeré – ògiri ń làágùn! Àmì dúdú-dúdú ti hù láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ẹnu yà mí. Ṣé inú èyí la ti dàgbà?

Ọjọ́ Ẹtì ni Dádì jáde ní ọsibítù. Àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò. Dókítà ti pè mí lórí fóònù: bí ilé yẹn bá wà bó ṣe wà, bàbá mi lè má la òtútù ọdún yìí já. Nítorí náà, ká mú ilé gbóná, tàbí kí n mú un lọ sí ilé àwọn arúgbó kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní Christchurch lópin oṣù. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Wọ súwẹ́tà méjì, Ailsa. Òtútù ò pa ẹnikẹ́ni nílé yìí rí."

Màmá tó kú ńkọ́? Mi ò sọ ọ́ síta.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Keje

Mo ti pe àwọn tó ń fi òwú sílé nítorí òtútù. Ètò ìjọba wà fún irú ilé tiwa, ilé pákó àtijọ́ tó dúró lórí òpó kúkúrú, tí atẹ́gùn ń ṣe fàájì lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ òwú tó nípọn sórí àjà, wọ́n á há òmíràn sábẹ́ ilẹ̀ pákó, ooru ò ní ríbi sá gbà mọ́. Àmọ́ tòkè tìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí kò bá fẹ́ méjèèjì, wọ́n á gba ilé ẹlòmíì lọ.

Mo rò pé inú Dádì á dùn. Ó ní, "Kí wọ́n ṣe òkè. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀."

Kí ló dé?

"Mo ti wí."

Tó bá ti ní "mo ti wí," ó parí. Àwa ìdílé Geddes kì í kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Bàbá àgbà sọ pé òun ò ní bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ọgbà àgùntàn kan. Ogún ọdún ni wọ́n fi jókòó sórí àga kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì láìkí ara wọn. Àwọn èèyàn ní ẹyin lohùn. Tiwa, òkúta ni.

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Keje

Mo jí, mi ò rí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ mọ́!

Ọkùnrin ọgọ́rin ọdún ó lé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, ló ká odindi kápẹ́ẹ̀tì, tó gbé e ti ògiri. Pákó lásán ló kù nílẹ̀, atẹ́gùn ń súfèé láàárín wọn. Mo kígbe. Ó ní pákó náà fẹ́ mí èémí. Lẹ́yìn náà ló tún ń kó èédú sínú ààrò bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Láti òní, Ọba Èédú ni mo ń pè é nínú ìwé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Keje

Òmíràn tún dé. Ọba Èédú ń gbé oúnjẹ síta. Ẹran àgùntàn, ọ̀dùnkún, búrẹ́dì ṣíìsì tí mo yan fúnra mi – ó dé e, ó gbé e sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ta ló ni ín? Ó ní ajá aládùúgbò. Mo jáde lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Abọ́ ti mọ́ tónítóní, ó tún dojú dé.

"Dádì, ajá wo ló ń fọ abọ́?"

"Ajá tí wọ́n kọ́ nílé."

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Keje

Mo rò pé orí Dádì ti ń dàrú. Ìwé yìí nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Keje

Ọjọ́ ìbí Rennie, àbúrò mi ọkùnrin, nìyí. Mo ṣèèṣì dárúkọ rẹ̀ nídìí tíì.

Ọdún méjì rèé. Màmá kú, Rennie wà lójú òkun pẹ̀lú àwọn apẹja èbúté Bluff, kò dé ibi ìsìnkú. Nígbà tó máa fi dé, a ti sin màmá tán, ọtí sì ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Dádì dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wò ó. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹ ò ní tẹ inú ilé yìí mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé." Rennie yí padà. A ò rí i mọ́ látìgbà náà.

Mo ń retí kí Dádì jágbe mọ́ mi lónìí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé ìka sétè, ó ní, "Rọra sọ̀rọ̀." Ó wá gé kéèkì tó tóbi kún oúnjẹ ajá. Kéèkì! Fún ajá! Mo lọ sí yàrá mi, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Keje

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Viliami wá, ọmọ erékùṣù Tonga tó ń fi òwú sílé, ẹlẹ́rìn-ín èèyàn. Dádì ń tòògbé nídìí iná. Mo ní kó bá mi yọjú wo abẹ́ ilé, ojú lásán, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Àǹtí, bí Bàbá bá jí, ẹ̀yin lẹ rán mi o!" Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó gba ihò kékeré ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ń fàyà wọ́. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kọrin. Orin dá wáí.

Bó ṣe jáde, ẹ̀rín ti tán lójú ẹ̀.

"Àǹtí, èèyàn wà lábẹ́ ilé yín o."

Òkú ni mo rò. Mo ní, "Ó ti kú?" Ó ní, "Ó kí mi káàárọ̀."

Irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, kóòtù apẹja. Rennie! Rennie, ọmọ ìyá mi, tó gbẹ bí igi, tí ẹrẹ̀ bò látorí dé ẹsẹ̀. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi ṣí fèrèsé. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a mọ́ra ni àbí kí n gbá a létí. Mo ṣe méjèèjì.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò níbi tó máa sùn, ó ronú kan abẹ́ ilé tó máa ń sá pamọ́ sí ní kékeré. Ó ní alẹ́ kan péré lòun fẹ́ sùn. "Àmọ́ ilẹ̀ mọ́, mo rí oúnjẹ gbígbóná lórí àtẹ̀gùn. Mo rò pé ìwọ ni, Ailsa."

"Mi ò tíì dé nígbà yẹn."

Àwa méjèèjì yíjú sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Dádì dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lára òpó. Kò wo Rennie. Èmi ló wò.

"Mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Keje

Mi ò sùn. Mo dojú kọ ọ́ láàárọ̀. Mo ní, ẹ mọ̀? Látìgbà wo?

"Ọjọ́ kejì tí mo ti ọsibítù dé. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún ẹ̀, ṣé mi ò ní dá a mọ̀ ni?"

"Ẹ wá fi í síbẹ̀ bí ẹran ọ̀sìn? Nínú yìnyín?"

"Mo ti wí pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní tẹ inú ilé. Abẹ́ ilé kì í ṣe inú ilé." Ó fẹsẹ̀ kan pákó. "O ní ooru ilé yìí ń ṣòfò, ó ń gba ìsàlẹ̀ lọ. Kò ṣòfò. Mo mọ ibi tó ń lọ."

Kápẹ́ẹ̀tì! Èédú tọ̀sán tòru! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pákó yẹn. Mo pè é ní wèrè nínú ọkàn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ń gé ooru ara ẹ̀ lé ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, tí òun fúnra ẹ̀ ń wúkọ́ kú lọ lórí àga. Inú bí mi, àánú ṣe mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀, èmi obìnrin tí ò kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run dáadáa. Ó ní, "Mo ti wí, Ailsa. Gbogbo ìjọ ló gbọ́."

Rennie náà ò gbà láti wọlé. Ilé tèmi ní Christchurch ńkọ́? Kò fẹ́. Ó tún padà sábẹ́ ilé. Bí bàbá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ lọmọ.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Keje

Viliami pè. Lọ́la ni kí n dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a bá dí abẹ́ ilé, òtútù á pa Rennie. Bí a ò bá dí i, Dádì ni. Rennie ní òun ti di ẹrù òun, òun ò ní pa bàbá òun.

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Keje

Wọ́n dé pẹ̀lú ọkọ̀ òwú. Yìnyín funfun lórí koríko. Viliami dúró, kò mọ ẹni tó máa bi léèrè. Rennie wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, báàgì léjìká, ó ń dúró dè mí kí n wá dágbére.

Dádì jáde pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ní, "Ọmọ Tonga, ṣe ìsàlẹ̀. Dí gbogbo ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ooru kankan gba ibẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Dádì!" Viliami gan-an wolẹ̀. Rennie mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣí géètì.

"Ìwọ yẹn, níbo lò ń lọ?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Dádì bá a sọ láti ọdún méjì. Rennie ò yíjú.

"Mi ò fẹ́ ẹrẹ̀ lórí pákó mi. Bọ́ bàtà ẹ kó o tó wọlé."

Rennie padà wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di okùn bàtà mú. Okùn ti dì, kò lè tú u. Mo fẹ́ lọ ràn án lọ́wọ́, Dádì fi ọ̀pá dá mi dúró. Ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó di òpó mú, ó rọra kúnlẹ̀ sínú yìnyín, àyà rẹ̀ ń hó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà ọmọ rẹ̀.